Nígbà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun bá dá ìfun lu

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùtọ́jú aláìsàn, ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, ẹ̀yin ìyá àti bàbá ọmọ. A ò wá sọ bí ènìyàn ṣe ń kó ibà jẹ̀funjẹ̀fun, tí gbogbo wa ń pè ní táífọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ omi kànga, ṣáláńgá àti ọwọ́ fífọ̀, ẹ ti gbọ́ ọ títí ó ti sú yín. Ohun tí a fẹ́ dúró lé lórí lónìí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kejì lọ, nígbà tí àìsàn náà bá kọjá ibà lásán, tó di ọ̀ràn iṣẹ́ abẹ, ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀, tàbí ọ̀ràn ọpọlọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ikú rẹ̀ wà. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó máa ń tan ará ilé jẹ: ọjọ́ tí ara gbígbóná bá ṣàdédé lọ sílẹ̀, tí gbogbo ilé ń dúpẹ́, lè jẹ́ ọjọ́ náà gan-an tí ìfun lu.

Kòkòrò tó ń fà á ni Salmonella Typhi. Karl Joseph Eberth, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1880. Georg Gaffky gbìn ín ní láàbù ní 1884. Ara ènìyàn nìkan ló ń gbé. Kò sí ewúrẹ́ tàbí adìẹ kankan tí a lè dá lẹ́bi. Bí ènìyàn bá gbé e mì, ọjọ́ 7 sí 14 ló sábà máa ń gbà kí ibà tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín àkókò náà, kòkòrò yìí ti gba ara ògiri ìfun kékeré kọjá, ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ti lọ ba sínú ẹ̀dọ̀, mùdùnmúdùn egungun àti àpò òrónro.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi àpò òrónro yìí. Òrónro kì í pa kòkòrò náà. Ńṣe ló ń bí sí i nínú rẹ̀. Bí òrónro bá wá ń ṣàn lọ sínú ìfun láti bá wa dà oúnjẹ, kòkòrò á bá a padà wọ ìfun lẹ́ẹ̀kejì, wọn á sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Nínú ògiri ìfun kékeré, àwọn abala kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣọ́ ohun tó ń kọjá. Johann Conrad Peyer, oníṣègùn ará Switzerland, ṣàpèjúwe wọn ní 1677, orúkọ rẹ̀ la sì fi ń pè wọ́n títí dòní. Apá ìparí ìfun kékeré ni wọ́n pọ̀ sí jù, nítòsí ibi tó ti pàdé ìfun ńlá, ní ọwọ́ ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn. Nígbà tí kòkòrò bá fi padà dé, àwọn abala wọ̀nyí ti mọ̀ ọ́n rí. Ìjà ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹran ara wa ló sì ń jìyà rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, abala náà á wú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹran ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òkú ẹran á re kúrò, á ku egbò tó gùn tẹ̀lé gígùn ìfun, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọ̀yìn sí ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń wọlé. Bí egbò bá jẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya. Bí ó bá jẹ ògiri já, ìfun ti lu nìyẹn. Bí kò bá ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ó máa ń jinná ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Ẹ má fi kàlẹ́ńdà yìí tan ara yín jẹ o. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, a máa ń rí ọmọ tí ìfun rẹ̀ lu kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, pàápàá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn abala Peyer máa ń pọ̀ ní ìgbà èwe, wọ́n á sì máa súnkì bí ọjọ́ orí bá ń lọ. Ó dà bí ẹni pé ìdí kan nìyẹn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé, láti bí ọdún 5 sí 15, fi pọ̀ láàárín àwọn tí a ń gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nítorí àìsàn yìí.

Ó dáa, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìfun ti lu? Ẹ kọ́kọ́ mọ bí aláìsàn ṣe rí kí ó tó lu. Nínú ibà yìí, ọkàn kì í sáré tó bí ooru ara ṣe pọ̀ tó. Ẹ lè rí àgbàlagbà tí ooru ara rẹ̀ jẹ́ 39.5, tí ọkàn rẹ̀ sì ń lù ní 84 péré ní ìṣẹ́jú kan. Kì í rí bẹ́ẹ̀ lára gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìfun bá lu, nǹkan méjèèjì á yí padà: ooru ara á já wálẹ̀, àmọ́ ọkàn á sáré lọ sí 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Òógùn tútù á bò ó. Ìrora á mú un lójijì ní apá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn, á sì tàn ká gbogbo ikùn láàárín wákàtí díẹ̀. Ọmọ tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lánàá á dùbúlẹ̀ gbọnrangandan, á ká orúnkún sókè, á máa mí ṣókíṣókí, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ikùn á le, á wú, kò ní lè só, kò ní lè yàgbẹ́, á sì máa bì ohun tó ní àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, ìrora lè rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀. Àárẹ̀ ló dé bá ara, ìwòsàn kọ́.

Ẹni tí àìsàn ti gbò gan-an, tó ń sọ̀rọ̀ ràdàràdà, lè má sọ pé inú ń dun òun, ikùn rẹ̀ sì lè má le. Ìyẹn ló mú ká tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ máa wọn ooru ara àti lílù ọkàn ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin láti ọjọ́ keje ibà lọ, kí ẹ kọ méjèèjì sí ojú ìwé kan náà, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lè rí ìgbà tí ọ̀kan ń sọ̀kalẹ̀ tí èkejì ń gòkè. Bébà àti bírò lásán ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Lójú tiwa, kò sí ẹ̀rọ kankan ní ilé-ìwòsàn kékeré tó wúlò tó o fún àìsàn yìí.

Ní ilé-ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ X-ray, wọ́n á ya àwòrán àyà lórí ìjókòó tàbí ìdúró, láti wo bóyá afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ awọ tó pààlà àyà àti ikùn. Kí aláìsàn ti jókòó fún bí ìṣẹ́jú 10 kí wọ́n tó yà á, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè gòkè. Ẹni tí kò bá lè jókòó, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá hàn, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Bí kò bá hàn, tí ikùn sì le, ìfun ṣì lè ti lu. Ọ̀pọ̀ ló máa ń lu tí àwòrán kò sì ní fi nǹkan kan hàn. Ọwọ́ tí a fi tẹ ikùn wò ló ń borí àwòrán.

Wákàtí àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ rí aláìsàn. Kí ohunkóhun má gba ẹnu rẹ̀ mọ́: omi, ẹ̀kọ, àgbo, oògùn oníhóró, títí kan omi oníyọ̀-àti-ṣúgà. Kí a wá iṣan méjì, kí a fa omi Ringer's lactate (omi oníyọ̀ tí a ń fà sínú iṣan) sí i lára. Àgbàlagbà lè gba lítà kan láàárín ìdajì wákàtí, ọmọdé a máa gba mililíta 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan, a ó sì tún un wò kí a tó fún un ní òmíràn. Ọmọ tí àìjẹunre-kánú ti sọ di egungun lásán, omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ́ra ju ìyẹn lọ, nítorí ọkàn rẹ̀ lè má gbà á. Kí a ki rọ́bà gba imú rẹ̀ bọ inú ikùn, kí ohun tó wú u lè máa ṣàn jáde. Kí a fi rọ́bà ìtọ̀ sí i: ìtọ̀ ló máa sọ fún wa bóyá omi ti tó. Àgbàlagbà tó wọn kílò 60 gbọ́dọ̀ máa tọ̀ tó mililíta 30 ní wákàtí kan, ó kéré tán. Ọmọdé, mililíta kan fún kílò kan. Àgbàlagbà á gba ceftriaxone gíráàmù 2 sínú iṣan àti metronidazole mílígíráàmù 500. Ọmọdé á gba ceftriaxone mílígíráàmù 80 fún kílò kan àti metronidazole mílígíráàmù 7.5 fún kílò kan. Ceftriaxone ń bá táífọ́ọ̀dù jà. Metronidazole wà fún àwọn kòkòrò mìíràn tó bá ìgbẹ́ tú sínú ikùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí afẹ́fẹ́ oxygen bá wà, ẹ fún un. Ẹ wo irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí omi ṣì máa kán nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbé e lọ. Kí ìwé tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sọ ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀, wákàtí tí ìrora bẹ̀rẹ̀, oògùn tó ti lò àti ìgbà tó lò ó, ìtọ̀ tó ti tọ̀. Ìwé tó kàn sọ pé "ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa wo aláìsàn yìí" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ abẹ nìkan ló ń di ihò náà. A kì í sáré gbé ẹni tí ara rẹ̀ ti gbẹ sórí tábìlì. Wákàtí 4 sí 6 tí a fi dá omi padà sí i lára kì í ṣe àkókò tó ṣòfò. Àmọ́ bí a bá ti kọjá ìyẹn, wákàtí kọ̀ọ̀kan ń fi kún ìgbẹ́ àti ọyún tó wà nínú ikùn. Oníṣẹ́ abẹ á la ikùn láti òkè wá sísàlẹ̀ ní àárín, á fa ọyún jáde, á wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, á máa tọ̀ ọ́ gòkè ní sẹ̀ǹtímítà sí sẹ̀ǹtímítà. Ihò sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 60 àkọ́kọ́ níbẹ̀. Bí a bá rí ọ̀kan, kí á má dúró: ó lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ márùn-ún, ibòmíràn sì lè wà tó ti fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá tí kò tíì já. Kí a rán ìyẹn náà, nítorí òun ló máa lu lọ́jọ́ kẹta. Bí ihò bá jẹ́ ẹyọ kan, a ó gé etí rẹ̀ tó ti kú kúrò, a ó rán an ní ìpele méjì, a ó sì rán an ní ìbú, kí ojú ọ̀nà inú ìfun má bàa há. Bí wọ́n bá pọ̀ tí wọ́n sì sún mọ́ra, a ó gé apá ìfun náà jáde, a ó so méjì tó kù pọ̀. Ẹni tí ó ti pẹ́ kó tó dé, tí ìfun rẹ̀ ti wú tí kò lè di òwú mú, ó sàn kí a yọ ẹnu ìfun sí ara ikùn fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ẹbí kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Òótọ́ ni pé wàhálà rẹ̀ pọ̀: omi tó ń jáde níbẹ̀ ń bó awọ ara, ó ń kó omi àti iyọ̀ ara lọ, àpò rẹ̀ sì wọ́n lọ́jà. Ṣùgbọ́n a lè dá a padà lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, a ò sì lè dá òkú padà. Kí a tó pa ikùn dé, a ó fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fọ inú rẹ̀ títí ohun tó ń jáde á fi mọ́, ó sì lè gba lítà mélòó kan. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í rán awọ òde lọ́jọ́ náà. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 3 sí 5.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú ọgbẹ́ tó kẹ̀ ni ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù. Ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ pani. Èyí tó ń pani ni kí ibi tí a rán tú, láàárín ọjọ́ 4 sí 7: ọkàn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ibà á padà, omi ìgbẹ́ á yọ láti ojú ọgbẹ́. Nínú ìròyìn àwọn ilé-ìwòsàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, iye tó ń kú lẹ́yìn tí ìfun lu sábà máa ń wà láàárín 10 sí 30 nínú 100. Ohun tó sábà máa ń ya àwọn tó yè sọ́tọ̀ ni bí wọ́n ṣe tètè dé àti bí ara wọn ṣe rí nígbà tí wọ́n dé.

Ẹ̀jẹ̀ yíya wọ́pọ̀ ju ìfun lílu lọ. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí bí 10 nínú 100 àwọn tó wà ní ilé-ìwòsàn, àmọ́ díẹ̀ ni tiwọn máa ń le. Ìgbẹ́ á dúdú bí ọ̀dà, tàbí kó pupa. Bí ooru ara bá lọ sílẹ̀, tí ọkàn sáré, tí ojú funfun, ṣùgbọ́n tí ikùn rọ̀ tí kò sì dùn ún, ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń dá dúró fúnra rẹ̀ bí a bá dá ẹ̀jẹ̀ padà sí i lára, tí a sì jẹ́ kí ìfun sinmi. Iṣẹ́ abẹ wà fún èyí tó bá kọ̀ láti dá. Ẹ yọ aspirin, ibuprofen àti diclofenac kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ibà yìí. Paracetamol tó, gíráàmù kan fún àgbàlagbà, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóòjọ́.

Ti ọpọlọ ni àwọn ẹbí máa ń túmọ̀ sí nǹkan mìíràn. Aláìsàn á lajú sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí ẹnikẹ́ni. Á máa kùn wúyẹ́wúyẹ́, á máa fi ìka ṣa aṣọ tó fi bora, á máa na ọwọ́ mú ohun tí kò sí lójú afẹ́fẹ́. Ẹlòmíràn á ta kú, kò ní sọ̀rọ̀ rárá. Ó yá, ilé-àdúrà. Kí ẹ gbàdúrà, kò burú. Kí ìgbàdúrà ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ilé-ìwòsàn. Ní Ìbàdàn níhìn-ín ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ nípa aláìsàn 959 tó ní ibà yìí, tí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tó ń ṣe fún ọpọlọ àti àwọn iṣan tó ń bá ọpọlọ ṣiṣẹ́. Ìwádìí náà jáde ní 1972. Kí a tó sọ pé táífọ́ọ̀dù ló fà á, kí a wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ibà ẹ̀fọn, àti omi ẹ̀yìn fún àrùn awọ ọpọlọ. Bí ó bá dá wa lójú pé òun ni, oògùn dexamethasone, tó ń mú kí ara wíwú rọlẹ̀, wà. Nínú ìwádìí kan ní Jakarta tó jáde ní 1984, nínú 20 tó gbà á, méjì ló kú. Nínú 18 tí kò gbà á, mẹ́wàá ló kú. Ìwọ̀n rẹ̀ ni mílígíráàmù 3 fún kílò kan lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà mílígíráàmù 1 fún kílò kan ní wákàtí 6-6 títí wákàtí 48 yóò fi pé. Ilé-ìwòsàn ńlá ni iṣẹ́ yẹn wà fún o, kì í ṣe kẹ́míìsì: oògùn yìí kan náà lè bo àmì ìfun tó lu mọ́lẹ̀.

Àwọn yòókù, a ó kàn fọwọ́ bà wọ́n: ọkàn tó rẹ̀ tó sì ń lù ségesège, òtútù àyà, àpò òrónro tó wú, oyún tó bàjẹ́, egungun tó kó ọyún lára àwọn tó ní fọ̀níkú-fọ̀ládìde.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ládùúgbò wa. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal ni àkọ́kọ́. Fernand Widal ṣe é ní Paris ní 1896, nígbà tí kò sí ohun tó dára jù ú lọ. Kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun tí ara fi bá kòkòrò jà ló ń wá, ìyẹn sì lè ti wà lára láti ọdún tó kọjá, tàbí kí ibà ẹ̀fọn fà á. Èsì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n kọ 1:80 sí, ìyẹn ni pé ó ṣì hàn nígbà tí wọ́n fi omi la omi inú ẹ̀jẹ̀ dé ìlọ́po 80, kò sọ nǹkan kan. Ó ti wá di pé ẹnikẹ́ni tó bá gbóná ní "màlíríà àti táífọ́ọ̀dù". Ẹni tí kò ní i ń gba abẹ́rẹ́, ẹni tó sì ní i ní tòótọ́ ń fi oògùn ọjọ́ mẹ́ta lọ sílé. Ẹ̀jẹ̀ gbígbìn, ìyẹn kí láàbù fi ẹ̀jẹ̀ sínú ohun tí kòkòrò lè hù nínú rẹ̀, ni ojúlówó: mililíta 8 sí 10 lára àgbàlagbà, kí oògùn apakòkòrò kankan tó wọlé. Ó máa ń rí kòkòrò náà lára bí 60 nínú 100 tó ní i, nítorí náà "kò sí" kò túmọ̀ sí pé kò sí.

Lẹ́yìn náà ni oògùn. Láti 1948 tí oògùn apakòkòrò chloramphenicol ti kọ́kọ́ wo àìsàn yìí sàn ni kòkòrò ti ń kọ́ bí yóò ṣe yẹra fún oògùn. Èyí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Sindh, ní Pakistan, ní 2016 kò gbọ́ ti ceftriaxone mọ́. Azithromycin àti ẹgbẹ́ meropenem ló kù fún un. Bí oògùn bá tilẹ̀ bá a mu, ibà lè má lọ títí di ọjọ́ kẹrin sí ìkẹfà. Ẹni tó bá pààrọ̀ oògùn lọ́jọ́ kejì, tó tún pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, kò fún èyíkéyìí láyè ṣiṣẹ́. Ìfun sì lè lu lẹ́yìn tí oògùn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìrora bá dé, ẹ má sọ pé "ó ti ń gba abẹ́rẹ́".

Ẹ̀kẹta ni fífọ inú. Inú tó wú, tí kò yàgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ni àwọn ènìyàn ń fi àgbo tàbí epo lárà (castor oil) ṣí, tàbí kí wọ́n fa omi sí i ní ìdí. Ìfun tí ògiri rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ni a ń fi ipá fún yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀.

Bí aláìsàn bá yè, ibà lè padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, lára bí 5 sí 10 nínú 100. Láàárín 1 sí 5 nínú 100 ni kòkòrò máa ń wà nínú ìgbẹ́ wọn ju ọdún kan lọ, tí ara wọn sì le koko. Àwọn obìnrin tó ní òkúta nínú àpò òrónro ló pọ̀ jù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé kòkòrò kiri bẹ́ẹ̀ ni Mary Mallon, alásè tí wọ́n há mọ́ erékùṣù kan ní New York fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó kú ní 1938. Lóde òní a ò nílò erékùṣù. Fún àwọn tí kò tíì kó o, abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun kan wà, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2018: ẹyọ kan ṣoṣo ni, a sì lè fún ọmọ oṣù 6. Liberia ló kọ́kọ́ fi í sínú ètò àjẹsára ọmọdé rẹ̀ ní Áfíríkà, ní 2021. Fún ẹni tó ń gbé kòkòrò kiri, ciprofloxacin mílígíráàmù 750 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 28 máa ń yanjú púpọ̀ nínú wọn, bí láàbù bá ti fi hàn pé kòkòrò náà ń gbọ́ ti oògùn yẹn. Bí òkúta bá wà nínú àpò òrónro, ó lè di dandan kí a yọ àpò náà. Títí ìgbẹ́ gbígbìn mẹ́ta tẹ̀léra yóò fi mọ́, kó má ṣe dáná fún ẹlòmíràn, kó má sì bu oúnjẹ tà.